Bí A Ṣe Ń Wọn Òkùnkùn Ojú Ọ̀run Lágbègbè Etíkun

Ìbéèrè: Àrọko etí òkun ni à ń gbé. Ìlú ńlá tó sún mọ́ wa jù tó nǹkan bí kìlómítà 40 sí ọ̀dọ̀ wa. Àwa mélòó kan dáwó jọ, a ra ẹ̀rọ Sky Quality Meter tó ń wọn òkùnkùn ojú ọ̀run, irú tí wọ́n ń pè ní SQM-L. Lóru ọjọ́ kan a wa ọkọ̀ káàkiri, a wọn ojú ọ̀run níbi tó pọ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù fún wa ní 20.9, ibi tó ṣókùnkùn jù fún wa ní 21.6. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ibì kan tó ti fún wa ní 21.5 wá ń sọ 21.1. Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ sọ pé 21.7 ló yẹ kí ibẹ̀ jẹ́. Èwo ni ká gbà gbọ́? Báwo la sì ṣe máa wọn gbogbo agbègbè yìí tí àwọn aláṣẹ kò fi ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wa sẹ́yìn?

Ìdáhùn: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ òótọ́. Mi ò rò pé ẹ̀rọ yín bàjẹ́, mi ò sì rò pé ẹ ṣì í lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi púpọ̀ lẹ wọ̀n lóru kan, nígbà tó jẹ́ pé ibi díẹ̀ ló yẹ kí ẹ wọ̀n lóru púpọ̀. Ojú ọ̀run kì í dúró sójú kan. Láti òru dé òru, àní láti wákàtí dé wákàtí, ó ń yí padà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan iná kan kún un. Bí ẹ kò bá tíì mọ bí ìyípadà yẹn ṣe tó, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti iná nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ. Magnitude (òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń sọ bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó) fún arcsecond onígun mẹ́rin (ègé ojú ọ̀run kan tó kéré gan-an) ni wọ́n fi ń wọ̀n, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ga tó ni òkùnkùn ṣe jìn tó. Ìlọ́po ni ìṣirò rẹ̀, kì í ṣe àròpọ̀. Bí nọ́ńbà bá fi 1 wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti di ìlọ́po 2.5, bó bá fi 5 wálẹ̀, ó ti di ìlọ́po 100. Níbi tí iná ọmọ ènìyàn kò dé rárá, lóru tí òṣùpá kò sí, ẹ̀rọ náà máa ń sọ nǹkan tó sún mọ́ 22. Láàárín ìlú ńlá, 17 tàbí 18 lẹ máa bá pàdé. Nítorí náà, 21.1 yín túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè orí yín lóru ọjọ́ yẹn tó nǹkan bí ìlọ́po 2.3 ti òru àdánidá. 21.6 ń sọ pé kò tíì pé ìlọ́po kan àtààbọ̀. Iléeṣẹ́ Unihedron ní Kánádà, tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí, sọ pé ó lè fi 0.1 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ má ṣe bá ara yín jiyàn lórí 21.4 àti 21.5 rárá. Ṣùgbọ́n 21.5 tó di 21.1 ti kọjá ohun tí a lè dì ru ẹ̀rọ. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run.

Òṣùpá ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí òṣùpá tí kò sí lójú ọ̀run rárá di èyí tó ti kún dé ìdajì, kékeré tó kù lára rẹ̀ nígbà tó bá ń wọ̀ sì ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Òṣùpá tó kún pátápátá ń fa nọ́ńbà wálẹ̀ sí nǹkan bí 18, ibi yòówù kí ẹ wà láyé. Kí ẹ gbójú sókè kí ẹ má rí i kò tó o. Ẹ yẹ àkókò tó ń yọ àti èyí tó ń wọ̀ wò kí ẹ tó jáde nílé. Bákan náà ni oòrùn: kì í ṣe ìgbà tó wọ̀ ni òru bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá fi dígírì 18 lọ sísàlẹ̀ ni. Kò sí àánú nínú méjèèjì yìí. Bí òṣùpá bá wà lókè, tàbí tí oòrùn kò tíì lọ jìnnà, ẹ má wọn nǹkan kan.

Lẹ́yìn òṣùpá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé aago mélòó lẹ wọ̀n lóru méjèèjì. Bí Milky Way, ìlà funfun tí àìmọye ìràwọ̀ para pọ̀ ṣe la ojú ọ̀run já, bá bọ́ sí ọ̀gangan orí yín, ó lè fi 0.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fa nọ́ńbà wálẹ̀. Nǹkan bí dígírì 20 péré ni SQM-L ń wò lójú ọ̀run, torí náà bí ìlà yẹn bá ti dé iwájú rẹ̀, òun náà ló ń wọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé ibi tó bá ṣókùnkùn dáadáa ni èyí ti ń dani láàmú jù. Nínú ìlú, iná ti bo Milky Way mọ́lẹ̀, kò sì lè da ẹnikẹ́ni láàmú.

Afẹ́fẹ́ òkè pàápàá ń tàn. Ní nǹkan bí kìlómítà 90 sí 100 lókè wa, oxygen tí oòrùn ti ṣiṣẹ́ lé lórí lójú ọ̀sán ń tú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí kò lágbára jáde lóru. Ó ń pọ̀, ó ń dín, ó sì máa ń lágbára sí i nígbà tí oòrùn bá wà ní téńté ìyípo rẹ̀ tó ń gba nǹkan bí ọdún 11. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà á gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá fi ìyàtọ̀ 0.1 láàárín ọdún kan sí èkejì pariwo pé iná ti pọ̀ sí i, tàbí pé òfin iná ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn wọ̀nyí kan gbogbo ayé. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yin ará etí òkun gan-an ni afẹ́fẹ́ òkun. Ìgbì tó ń fọ́ ń ta ẹ̀kán omi wínníwínní sókè. Omi rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á máa fẹ́ kiri. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, iyọ̀ náà á fa omi mọ́ra, á wú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lọ tààrà mọ́, ṣe ló ń fọ́n ká. Bí iná bá wà nítòsí yín, ojú ọ̀run yín á mọ́lẹ̀ sí i. Bí iná náà bá jìnnà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yìí kan náà lè gbé ìmọ́lẹ̀ ìlú mì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, nọ́ńbà yín á wá ga bíi pé nǹkan ti dára. Kùrukùru tó ń ti orí òkun wọlé ju ìyẹn lọ. Bó bá bo ìlú mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yin sì wà lórí òkè tó yọrí kúrò nínú rẹ̀, ẹ lè rí òkùnkùn tí ẹ kò rí rí. Òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kí ẹ gbé lọ síwájú aláṣẹ.

Ní ti àwọsánmà, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n nílùú Berlin ní Jámánì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Láàárín ìlú, àwọsánmà sọ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run di ìlọ́po 10. Ní kìlómítà 32 sí àárín ìlú, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2.8. Níbi tí kò sí iná, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: àwọsánmà ń dí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, ilẹ̀ á sì túbọ̀ ṣú. Etíkun lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ dúró sórí iyanrìn lóru tí àwọsánmà já kélekèle, kí ẹ sì fún ojú yín ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 láìwo fóònù. Àwọsánmà tó wà lórí omi á dúdú bí ihò láàárín àwọn ìràwọ̀. Èyí tó wà lápá ìlú á ní àwọ̀ eérú, abẹ́ rẹ̀ á sì hàn sí yín kedere, títí kan etí rẹ̀ tó ya. Mi ò mọ ẹ̀rọ kan tó lè tètè fi ohun tí iná ń ṣe sí ojú ọ̀run han ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ mú àwọn aláṣẹ dání lọ́jọ́ kan bó bá ṣeé ṣe.

Ìwọ̀n tó máa wọ inú fáìlì yín ńkọ́? Òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere nìkan ni kí ẹ máa kà kún un. Ẹ kọ ti òru aláwọsánmà sọ́tọ̀, torí òun náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ìyókù.

Ẹ ti ń wọn ọ̀gangan orí, ó dára, ó sì yẹ kí ẹ máa bá a lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń wọ̀n, ibẹ̀ náà ni máàpù ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n létí òkun, ọ̀gangan orí ló ń gbẹ̀yìn nínú ibi tí iná ń bà jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìlú tó wà ní kìlómítà 40 ń kó jọ sísàlẹ̀ sánmà, ó sì lè wà níbẹ̀ gbagada nígbà tí ẹ̀rọ tó dojú kọ òkè ṣì ń sọ 21.5. Ọmọ ìjàpá òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kì í wo ọ̀gangan orí. Ìsàlẹ̀ sánmà ló ń wò, apá ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ló sì ń forí lé. Láìsí iná ènìyàn, orí òkun ni apá yẹn máa ń jẹ́. Bí ọ̀nà ilẹ̀ bá ti mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ọmọ ìjàpá á kẹ̀yìn sí omi, á máa rá lọ sọ́nà ọkọ̀ títí ooru òwúrọ̀ á fi bá a, tàbí tí ẹranko á fi gbé e jẹ. Àwọn ọmọ ẹyẹ òkun kan, irú bíi shearwater àti petrel, náà máa ń já bọ́ sínú ìlú nítorí iná lóru tí wọ́n bá kọ́kọ́ fò kúrò nínú ìtẹ́. Ìwọ̀n tí kò wo ìsàlẹ̀ sánmà kò tíì sọ nǹkan kan nípa wọn.

Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀gangan orí, ẹ dẹ ẹ̀rọ náà sí dígírì 45, ìyẹn agbedeméjì ìsàlẹ̀ sánmà àti ọ̀gangan orí, kí ẹ wọn apá òkun, apá ilẹ̀, àti apá méjèèjì tí etíkun gbà lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá òkun àti apá ìlú lóru kan náà ni ohun tó níyì jù tí ẹ lè rí mú nílé, mo sì fẹ́ kí ẹ di èyí mú ṣinṣin. Ìmọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè àti ọ̀rinrin kan apá méjèèjì, torí náà bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù á jẹ́ ti iná. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ra fún òru tí Milky Way bá dúró sí apá kan ṣoṣo. Orí omi tó ṣókùnkùn yẹn jẹ́ ẹ̀bùn tí àwọn tó ń wọn àárín ilẹ̀ kò ní.

Àmọ́ òkun náà kì í ṣófo nígbà gbogbo. Ọkọ̀ apẹja tó ń fi iná ńlá fa ẹja, ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró de èbúté, ibùdó ìwapo tó ń sun gáàsì, gbogbo wọn ń tànmọ́lẹ̀ sójú ọ̀run. Wọ́n lè wà lónìí kí wọ́n má sí lọ́la. Kí ẹni kan máa ka iná tó wà lójú omi kí ẹ tó wọn nǹkan kan, kí ó sì kọ apá ibi tó wà sílẹ̀. Bí ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà bá wà nítòsí, ẹ lọ sí ibi tí òkè tàbí ilé ti ṣíji bò yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibo ni kí ẹ wá máa wọ̀n? Ibi mẹ́fà sí mẹ́jọ tó. Merle Walker, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé ìmọ́lẹ̀ ìlú lójú ọ̀run ń yára dín bí a ṣe ń jìnnà sí i: bí ẹ bá sọ bí ẹ ṣe jìnnà tó di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ ìlú náà á fi nǹkan bí ìlọ́po 5.7 dín. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ pín ibi ìwọ̀n yín ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ mú ọ̀kan ní kìlómítà 5 sí etí ìlú, òmíràn ní 10, 20 àti 40 lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun, kí ẹ wá fi ibi tó kù sí ẹ̀gbẹ́ abúlé tó ní iná, sí iyanrìn tí ìjàpá ń yé sí, àti sí ibi tó ṣókùnkùn jù tí ẹ mọ̀. Bí nọ́ńbà ibì kan bá burú ju bí ìjìnnà rẹ̀ sí ìlú ti fi hàn, iná àdúgbò ló fà á. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, torí iná àdúgbò ni ẹ̀yin àti aládùúgbò lè jókòó yanjú.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òṣùpá kò bá sí, lóṣooṣù, fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ mú àkókò kan náà, bí aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago kan òru, kí ẹ sì parí sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá yàtọ̀ ju 0.1 lọ, ojú ọ̀run ti yí padà lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ kò sì lè fi ibì kan wé òmíràn lóru ọjọ́ yẹn. Tí owó bá tún wà, ẹ má ra SQM-L kejì. Ẹ ra irú tó ń kọ ìwọ̀n pamọ́ fúnra rẹ̀ láti òru dé òru, kí ẹ kàn án mọ́ ibi tó ṣókùnkùn jù. Òun ló máa sọ fún yín pé òru tí ẹ jáde yẹn jẹ́ òru gidi tàbí òru tó ṣàjèjì. Bí ó ti wù kó rí, kí ẹ̀rọ méjèèjì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kan náà pa pọ̀, kí ẹ mọ iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ mú ìwọ̀n kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ jìnnà sí òpó iná. Bí iná kan bá ń ta òjìji yín sílẹ̀, ibẹ̀ kò dára. Ẹ pa iná ọkọ̀, kí ẹ dúró kí ti inú rẹ̀ náà kú. Ẹ gbé ẹ̀rọ jáde kó bá afẹ́fẹ́ ìta dọ́gba fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì pupa tí kò lágbára wo gíláàsì rẹ̀. Létí òkun, ìrì máa ń sẹ̀ sórí rẹ̀ kí ojú tó mọ̀, iyọ̀ á sì gbẹ mọ́ ọn. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ rin díẹ̀ ti tó láti nù ún. Ẹ na ọwọ́ sókè kí ẹ̀rọ ga ju orí yín lọ, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ nù. Ẹ mú márùn-ún sí i, kí ẹ máa yí ara yín díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà bá ń yí bí ẹ ṣe ń yí, iná kan ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, ẹ tò wọ́n láti èyí tó kéré jù, kí ẹ kọ èyí tó bọ́ sí àárín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, aago, ooru afẹ́fẹ́, àwọsánmà, ọ̀rinrin, ibi tí Milky Way wà, iye iná ojú omi, àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ má fi fóònù rọ́pò ẹ̀rọ yìí. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú fóònù kò mọ̀ ju òdo lọ nínú irú òkùnkùn tí à ń sọ yìí. Ìlànà onípele 9 tí John Bortle, awòràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2001 fún fífi ojú lásán díwọ̀n òkùnkùn ojú ọ̀run dára fún ìjíròrò, mi ò sì ní kí ẹ má lò ó, ṣùgbọ́n ojú ẹni méjì lè fún ibì kan ní ipele méjì.

Ó ku 21.7 orí máàpù. Púpọ̀ nínú irú máàpù bẹ́ẹ̀ wá látinú iṣẹ́ tí Fabio Falchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016. Wọ́n gba ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì Suomi NPP rí lórí ilẹ̀, wọ́n sì ṣírò bí yóò ṣe tàn sí ọ̀gangan orí lóru tó mọ́ kedere. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì máa ń lò ó láti mọ ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n nǹkan bí aago kan àtààbọ̀ òru ni sátẹ́láìtì náà ń kọjá, nígbà tí ọ̀pọ̀ iná ti kú. Ojú rẹ̀ kò sì rí ìmọ́lẹ̀ búlúù, èyí tí iná LED funfun ń tú jáde púpọ̀. Ìlú lè pààrọ̀ gbogbo iná títì rẹ̀ sí LED, kí sátẹ́láìtì sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti dín, nígbà tí ojú ọ̀run tí ẹ̀yin ń wò mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2023, Christopher Kyba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkíyèsí tó lé ní 51,000 jọ, èyí tí àwọn ènìyàn lásán fi ojú wọn ṣe nínú ètò Globe at Night láàárín 2011 sí 2022. Wọ́n rí i pé ojú ọ̀run ń mọ́lẹ̀ sí i ní ìdá 9.6 nínú 100 lọ́dọọdún, ju ohun tí sátẹ́láìtì fi hàn lọ fíìfíì. Èyí ló jẹ́ kí ìwọ̀n tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe ṣe pàtàkì: ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wọ ojú.

Ní ti àwọn aláṣẹ, nọ́ńbà nìkan kò ní mú wọn ṣe nǹkan kan. Ẹ rìn kọjá níbi iná kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun, kí ẹ kọ irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó bo orí tàbí ó ń tàn sókè, àti aago tí wọ́n ń pa á. Ẹ fi àwòrán kámẹ́rà tí ẹ yà láti ibì kan náà kún un lóṣooṣù, kí ìtò kámẹ́rà má yí padà. Nígbà náà ẹ lè sọ fún wọn pé: iná mẹ́rin tó wà níwájú ilé yìí ló sọ apá ilẹ̀ di ohun tó mọ́lẹ̀ ju apá òkun lọ, ẹ fi nǹkan bò wọ́n lórí, ẹ pààrọ̀ wọn sí aláwọ̀ ọsàn, ẹ pa wọ́n lásìkò tí ìjàpá ń pa ẹyin. Ohun tí aláṣẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, ẹ̀yin náà sì lè wọn ibẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ẹ má ju ìwọ̀n òru àkọ́kọ́ yẹn nù. Ẹ wá ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé, ẹ ṣírò ibi tí òṣùpá àti Milky Way wà nígbà náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún 21.1 ti ọ̀sẹ̀ kejì. Bí òṣùpá bá wà lókè lóru kejì, ẹ fa ìlà lé e lórí. Bí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ padà síbẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá tún kúrò.